Ọjọ́ Ìbí Ganesha Láàrin Àwọn Ẹlẹ́sìn Híńdù

Ọ̀pọ̀ ènìyàn láti agbègbè wa yìí, pàápàá àwọn ará Ọ̀fà, ni ó ti ṣòwò ní Gánà kí ìjọba ibẹ̀ tó lé àwọn àlejò ní 1969. Bí ọ̀kan nínú wọn bá padà sí Accra nísisìyí, yóò bá ẹ̀sìn Híńdù níbẹ̀, àwọn ọmọ Gánà fúnra wọn ni wọ́n sì ń ṣe é. Swami Ghanananda, tí ó kú ní 2016, ni ó dá ilé ẹ̀sìn wọn sílẹ̀ ní 1975. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń ṣe àjọ̀dún ọjọ́ ìbí Ganesha, wọn a sì gbé ère rẹ̀ lọ sínú òkun.

Ẹni tí ó bá rí èyí lè rẹ́rìn-ín pé, a ha ń bọ òrìṣà tán kí a sì sọ ọ́ nù? Àwa tí a jẹ́ Kristiani lè má gba ohun tí wọ́n gbà gbọ́, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò dúró níwájú àwọn ọmọ iléèwé kò gbọdọ̀ purọ́ mọ́ ẹ̀sìn ẹlòmíràn.

Wọ́n ní Parvati, aya Shiva, fi ohun ìkunra ara rẹ̀ mọ ọmọkùnrin kan, ó sì fi í ṣọ́ ẹnu ọ̀nà nígbà tí ó ń wẹ̀. Shiva dé, ọmọ náà kò jẹ́ kí ó wọlé, Shiva sì bẹ́ ẹ lórí. Nígbà tí ìyá rẹ̀ kò gba ìpẹ̀, a fi orí erin rọ́pò orí ọmọ náà. Ganesha ni wọ́n ń ké pè kí ìdínà lè kúrò lọ́nà. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ìdánwò kù sí dẹ̀dẹ̀ kì í gbàgbé rẹ̀. (Irú ẹni tí ìdánwò nìkan ń rán létí àdúrà kò ṣọ̀wọ́n láàrin tiwa náà.)

Àjọ̀dún náà a máa bọ́ sí oṣù kẹjọ tàbí ìkẹsàn-án ọdún. Amọ̀ ni a fi ń mọ ère. Àlùfáà a gbàdúrà pé kí òrìṣà wá gbé inú rẹ̀. Láti ìgbà náà ni a ó máa tọ́jú rẹ̀ bí àlejò pàtàkì, pẹ̀lú òdòdó pupa, koríko tútù, fìtílà, orin, àti modaka, oúnjẹ dídùn tí a fi ìyẹ̀fun ìrẹsì ṣe, tí àgbọn àti ṣúgà ìrèké wà nínú rẹ̀. Ẹlòmíràn a ṣe é fún ọjọ́ kan ààbọ̀, ẹlòmíràn fún ọjọ́ mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà a ó bẹ àlejò náà kí ó máa lọ, kí ó sì padà wá ní ọdún tí ń bọ̀. Ilé tí ó fi sílẹ̀ ni a ń gbé lọ sínú omi, kí amọ̀ lè padà di amọ̀.

Inú ilé ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣe é, títí di 1893 tí Tilak, olùkọ́ àti oníwèé ìròyìn ní Pune, sọ ọ́ di àjọ̀dún gbangba, kí àwọn ènìyàn lè rí ibi péjọ lábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Bí ère ti ń tóbi sí i, àwọn kan fi amọ̀ sílẹ̀, wọ́n mú ẹfun líle irú èyí tí a fi ń di ẹsẹ̀ tí ó ṣẹ́ ní ilé ìwòsàn. Ìyẹn kì í yọ́ bọ̀rọ̀. Ọ̀dà ara rẹ̀ sì ń ba omi jẹ́. Nítorí náà ni a ṣe ń rọ àwọn ará Íńdíà nísisìyí pé kí wọ́n padà sí amọ̀.