Ìpá Tí Kì í Ṣe Ìpá: Orúkọ fún Ìrora Ìpàdé-Itan Láàrin Àwọn Eléré Ìdárayá

Bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí ó ń gbá bọ́ọ̀lù ní Abẹ́òkúta bá sọ nílé pé ibi tí itan ti pàdé ikùn ń ro òun, ọ̀rọ̀ tí àgbàlagbà yóò kọ́kọ́ sọ ni ìpá. Ọmọ náà lè má sọ̀rọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà lọ, nítorí èébú ni onípàá láàrin ẹgbẹ́ rẹ̀. Yóò máa tiro, yóò sì máa gbá bọ́ọ̀lù náà lọ.

Àrùn méjì ni ó ti ń jẹ́ ìpá tẹ́lẹ̀: ìfun tí ó gba ibi tí ẹran ikùn ti dẹ̀ yọ síta, àti omi tí ó kún inú ẹpọ̀n. Ẹ̀kẹta ni èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì sọ ní ìpá eléré ìdárayá, bẹ́ẹ̀ ìfun kankan kò yọ nínú rẹ̀. Ẹran ìsàlẹ̀ ikùn àti ẹran inú itan ni ó jọ so mọ́ egungun iwájú ìbàdí. Bí eléré bá ń ta bọ́ọ̀lù, tí ó ń sáré tí ó sì ń ṣẹ́rí padà lójijì, ti òkè a máa fà sókè, ti ìsàlẹ̀ a máa fà sísàlẹ̀, títí ojú ìsomọ́ náà yóò fi ya díẹ̀díẹ̀. Yóò máa dùn ún bí ó bá sáré, bí ó bá wúkọ́ tàbí bí ó bá sín. Bí ó bá sinmi, yóò rọlẹ̀. Bí ó bá padà sí pápá, yóò tún dé.

Àwọn Gẹ̀ẹ́sì pàápàá ti kábàámọ̀ orúkọ náà. Ní ọdún 1980, Jerry Gilmore, oníṣẹ́-abẹ kan ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣàpèjúwe ìpalára náà lára àwọn agbábọ́ọ̀lù, wọ́n sì fi orúkọ rẹ̀ pè é. Orúkọ ń pọ̀ sí i, ìtumọ̀ kò sì bára mu. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2014, ọ̀mọ̀ràn 24 láti orílẹ̀-èdè 14 péjọ sí Doha, wọ́n sì gbà pé kí wọ́n pa ìpá eléré tì. Ibi tí ìrora wà ni wọ́n fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ọ̀nà yìí bá Yorùbá lára mu. Ìrora ìpàdé-itan ni orúkọ gbogbogbòò tí ó yẹ. Lẹ́yìn èyí ni kí a sọ bóyá ti egungun ni, tàbí ti inú itan, tàbí ti ìsàlẹ̀ ikùn. Iṣan nìkan kò tó, nítorí iṣan ni ọ̀nà ẹ̀jẹ̀, iṣan ni ẹran tí ń gbé ẹsẹ̀, iṣan náà sì ni okùn tí ó so ẹran mọ́ egungun. Okùn-iṣan yóò dára fún ti ìkẹyìn yìí. (Bí a bá sì kọ ìpá láìfi àmì sí i, ta ni yóò mọ̀ bóyá ipá tàbí ipa ni?)

Ìtọ́jú wọn kò dọ́gba. Ìsinmi, àti eré ìdárayá tí ń fún ikùn àti itan lágbára, ni a kọ́kọ́ ń lò fún ìrora ìpàdé-itan. Bí oṣù mélòó kan bá kọjá láìsí ìyípadà, iṣẹ́ abẹ lè tẹ̀ lé e. Ìpá gidi ní tirẹ̀ a máa wú bí ènìyàn bá dìde tàbí bí ó bá wúkọ́, a sì máa wọlé bí ó bá dùbúlẹ̀. Eré ìdárayá kò lè dí ihò náà. Bí ó bá há síta, tí ó ń dunni gidigidi, tí èébì sì bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé e dé ilé ìwòsàn.