Kòkòrò Tó Ń Jẹ VR

Kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, inú ẹ̀fọ́ ló ń gbé. Ta ni a ó tún máa túmọ̀ ìyẹn fún? Headset VR, ẹ̀rọ tí à ń gbé wọ ojú gbá géèmù, tí ẹ fowó gidi rà, ohun tó ń jẹ ẹ́ kò jìnnà: òógùn iwájú orí ẹ̀yin fúnra yín ni.

Ohun tó bí mi nínú ni mo rí nílé ẹ̀gbọ́n mi n'Íbàdàn. Ọmọ rẹ̀ ti gbá Beat Saber, géèmù àwọn ará Prague tí èèyàn fi ń yọ idà iná la àpótí sí méjì bí orin bá ti ń lọ, títí ẹ̀wù fi lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́yìn. Nígbà tó bọ́ headset Quest 2 lójú, fóòmù tó ń kan ojú ti rin gbindin. Ọmọ yìí gbé e síta, ó dojú lẹ́ńsì kọ oòrùn ọ̀sán. Mo pariwo. Ó ní, "Àǹtí, ṣebí kó lè gbẹ ni."

Kó gbẹ kẹ̀? Òógùn kì í ṣe omi lásán, iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Omi á gbẹ, iyọ̀ á jókòó. Bó bá bá irin wẹ́wẹ́ inú ihò ṣájà pàdé, tí iná tún ń gba ibẹ̀ kọjá, ìpẹtà ti dé nìyẹn. Lónìí ṣájà á mú, á já. Tó bá yá, kò ní mú rárá. Ojú lẹ́ńsì náà ni òógùn àti eruku ti ń ṣèpàdé.

Ẹ so aṣọ mọ́ iwájú orí kí ẹ tó gbé headset wọ̀. Aṣọ tó ń fa omi ni mo wí o, kì í ṣe aṣọ dídán tó kàn ń darí omi sójú. Ẹ gbé fáànù síwájú: ẹni tó ń gbá géèmù yìí kò rí yàrá mọ́, atẹ́gùn tó ń fẹ́ sí i lójú ni yóò fi mọ ibi tó kọjú sí, kó má baà gbá tẹlifíṣọ̀n lulẹ̀. Bí iná bá lọ, ẹ ṣíwọ́. Headset ní bátìrì tirẹ̀, kò ní kú, ìdí nìyẹn tí àwọn ọmọ fi ń bá a lọ nínú ooru, tí ìyá wọn á wá máa bi mí pé kí ló ń rùn.

Ohun tó ń kan ojú yẹn ṣeé yọ, ẹ yọ ọ́ bí ẹ bá ṣe tán. Ti sílíkóònù ni tèmi. Fóòmù á mu òógùn pamọ́. Sílíkóònù, ẹ fi aṣọ tútù nù ún, ó parí. Ní oṣù keje 2021, nígbà tí ojú àwọn tó ra Quest 2 ń yún wọn, Facebook dá títà rẹ̀ dúró fúngbà díẹ̀, wọ́n sì ń fún àwọn èèyàn ní ìbòrí sílíkóònù lọ́fẹ̀ẹ́. Nǹkan bíi mílíọ̀nù 4 fóòmù ni ọ̀rọ̀ náà kàn ní Amẹ́ríkà. Torí ìyún ni wọ́n ṣe é, ṣùgbọ́n àwa tó ń làágùn náà jẹ níbẹ̀. Àléébù rẹ̀ kan ni pé òógùn tí kò ríbi wọ̀ á máa ṣàn wálẹ̀, torí náà ẹ má sọ pé ẹ ní sílíkóònù kí ẹ wá pa aṣọ iwájú orí tì.

Lẹ́ńsì kò fẹ́ omi, kò fẹ́ sípíríìtì, kò fẹ́ itọ́, kò sì fẹ́ etí ẹ̀wù yín. Aṣọ múlọ́múlọ́ gbígbẹ tí wọ́n fi ń nu gíláàsì ojú ni kí ẹ fi nù ún, láti àárín lọ sétí.

Òwe yẹn wá ńkọ́? Ó tọ̀nà dé ibì kan. Òógùn ń jẹ headset lóòótọ́, ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni, ó sì ń fún yín láyè láti nù ún. Oòrùn kò fúnni láyè. Lẹ́ńsì á kó ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ jọ sójú kan lórí sikiríìnì tó wà lẹ́yìn rẹ̀, á jó o láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, àpá yẹn kò sì ní lọ mọ́. Inú ẹ̀fọ́ wo ni oòrùn ń gbé? Ọwọ́ ẹni tó fẹ́ tọ́jú ẹ̀rọ ló gbé e lọ bá a, bí ọwọ́ kan náà ṣe ń gbé sípíríìtì wá láti inú kọ́bọ́ọ̀dù.

Inú yàrá ni kó ti gbẹ, lọ́dọ̀ fáànù, kí ẹ fi aṣọ bo lẹ́ńsì. Ẹ má kó o sí báàgì ní tútù, ẹ má sì ki ṣájà bọ̀ ọ́ títí ihò rẹ̀ á fi gbẹ. Bí fèrèsé bá wà nítòsí, ẹ fa kọ́tìnì.