Kòkòrò Inú Àgbàdo àti Àwọn Ìbátan Rẹ̀

Àwọn àgbà a máa sọ pé kòkòrò tí ń jẹ obì, inú obì ni ó wà. Bí ọ̀rọ̀ náà ti jẹ́ òótọ́ nípa obì, bẹ́ẹ̀ náà ni ó rí nípa àgbàdo. Àgbẹ̀ tí ó bá ṣí àká rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mélòó kan, tí ó bá ìyẹ̀fun nílẹ̀ àti ihò lára hóró àgbàdo, kò ní pẹ́ rí ẹni tí ó ṣe iṣẹ́ náà: kòkòrò kékeré kan tí gígùn rẹ̀ kì í sábà ju mìlímítà 5 lọ, tí ẹnu rẹ̀ yọ síwájú bí ọwọ́jà erin. Ẹ̀yà mẹ́ta ni ó wà tí wọ́n jọra tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán fi lè ṣì wọ́n mú. Ẹni tí kò bá sì mọ èyí tí ó ń bá a jà lè máa ti ilẹ̀kùn tí ọ̀tá rẹ̀ kò gbà wọlé.

Ẹnu ni kí ẹ kọ́kọ́ wò. Kòkòrò tí ń ba ẹ̀wà jẹ́ kò ní ọwọ́jà; ìyẹ́ rẹ̀ kò bo ìdí rẹ̀ tán, ara èèpo ẹ̀wà lóde ni ó sì ń lẹ ẹyin rẹ̀ mọ́. Ìdílé mìíràn ni tirẹ̀, ẹ jẹ́ kí a fi í sílẹ̀. Abo kòkòrò àgbàdo ní tirẹ̀ a fi ọwọ́jà lu hóró, a yé ẹyin kan sínú ihò náà, a sì fi ohun kan bí àtè dí i. Inú hóró yìí ni ìdin rẹ̀, tí kò ní ẹsẹ̀, yóò ti dàgbà. Bí ojú ọjọ́ bá móoru, nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni yóò fi jáde. Ìdí nìyí tí hóró tí ó dán lóde fi lè ní àlejò nínú.

Nínú àwọn mẹ́ta náà, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Sitophilus granarius ni ó rọrùn jù láti mọ̀. Ara rẹ̀ dúdú tàbí kí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú, láìní àmì kankan. Ẹ fi awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wo ibi tí ó wà láàrin orí àti ìyẹ́ rẹ̀, èyí tí n óò máa pè ní ọrùn: ẹ ó rí ojú ihò wẹ́wẹ́, bí ẹni pé a fi abẹ́rẹ́ tẹ amọ̀ tútù, gbogbo wọn ni ó sì gùn róbótó bí ẹyin. Bí ẹ bá gbé ìyẹ́ líle tí ó bo ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, kò sí ìyẹ́ fífò lábẹ́ rẹ̀. Kò lè fò rárá. Àwọn ilẹ̀ tí òtútù mú, bí ti Yúróòpù, ni ó pọ̀ sí, níbi tí ènìyàn bá sì gbé ọkà lọ ni òun náà ń dé.

Àwọn méjì yòókù ni ó ṣòro. Ojú ihò ọrùn tiwọn rí kiribiti, àmì pupa rúsúrúsú mẹ́rin wà lẹ́yìn wọn, méjì lápá èjìká, méjì lápá ìdí, wọ́n sì ní ìyẹ́ fífò. Linnaeus ni ó fún Sitophilus oryzae ní orúkọ ní ọdún 1763. Motschulsky sì fún Sitophilus zeamais ní tirẹ̀ ní ọdún 1855. Síbẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn onímọ̀ fi rò pé ńlá àti kékeré ẹ̀yà kan ṣoṣo ni wọ́n, títí Kuschel fi tú ọ̀rọ̀ náà palẹ̀ ní ọdún 1961.

Èmi kò dá wọn lẹ́bi. Òótọ́ ni pé zeamais a máa tóbi ju èkejì lọ, ṣùgbọ́n èyí tí ó dàgbà nínú hóró kékeré a jáde ní kékeré. Àmì ẹ̀yìn zeamais a sì máa hàn ketekete jù, ṣùgbọ́n ara kòkòrò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde máa ń pọ́n, bí ó ti ń pẹ́ ni ó ń dúdú. Orúkọ pàápàá ń tan ni jẹ, nítorí pé oryzae, tí a fi ìrẹsì sọ lórúkọ, ń jẹ àgbàdo àti àlìkámà, zeamais náà sì ń jẹ ìrẹsì. A lè bá àwọn méjèèjì nínú àpò kan ṣoṣo. Ohun tí ó sàn ni kí a ka ojú ihò tí ó wà ní àárín gbùngbùn ọrùn, láti iwájú dé ẹ̀yìn. Bí wọ́n bá ju 20 lọ, zeamais ni; bí wọn kò bá tó 20, tí ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan sì dán láàrin wọn, oryzae ni. Èyí pàápàá a máa yẹ̀ nígbà mìíràn. Ẹ̀rí tí kì í yẹ̀ wà nínú ikùn akọ, lábẹ́ maikirosíkópù: òkè ẹ̀yà ìbí oryzae dán, ó sì yọ gọngọ, ti zeamais ní ipa tóóró méjì gbọọrọ.

Kí ni àgbẹ̀ fẹ́ fi gbogbo èyí ṣe? Zeamais, tí ó wọ́pọ̀ nínú àgbàdo nílẹ̀ wa, mọ̀ ọ́n fò dáadáa. Kì í dúró de àká. A máa fò lọ bá àgbàdo tí ó ń gbẹ lórí ìdúró nínú oko, àgbẹ̀ fúnra rẹ̀ ni yóò sì rù ú wálé. Nítorí náà, gbígbá àká mọ́, èyí tí ó lè ran ẹni tí granarius ń yọ lẹ́nu lọ́wọ́ gidigidi, kò tó fún wa. Àgbàdo tí ó ti gbó tí ó sì ti gbẹ kò gbọdọ̀ pẹ́ lóko. Ẹ wo ṣóńṣó orí rẹ̀ pẹ̀lú, níbi tí háhá kò bá ti padé: ibẹ̀ ni ó rọrùn jù fún kòkòrò náà láti gbà wọlé.