Nígbà tí Adìẹ bá ń Re Ìyẹ́

Bí àgbẹ̀ kan ní Ẹgbẹ́dá bá rí i pé ìyẹ́ àgbébọ̀ rẹ̀ ń já bọ́, tí kò sì yé mọ́, ó lè rò pé àrùn ni, kí ó sì tà á ní ọ̀pọ̀. Kí ó mú sùúrù ná. Bí adìẹ náà bá ń jẹun, tí ojú rẹ̀ sì mọ́lẹ̀, ògbólógbòó aṣọ ni ó ń bọ́ láti wọ tuntun. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni èyí sábà máa ń ṣẹlẹ̀, ó sì lè gba oṣù 2 títí dé 4.

Oúnjẹ tí ń mú ara dàgbà, irú èyí tí ó wà nínú ẹja, ẹ̀wà àti kòkòrò, ni ara fi ń dá ìyẹ́. Òun náà ni ó fi ń dá ẹyin. Nítorí náà ni adìẹ fi ń dáwọ́ yíyé dúró. Bí ebi bá pa á nígbà tí ìyẹ́ ń hù, ilà tẹ́ẹ́rẹ́ a hàn ní ìbú ìyẹ́ náà, ibẹ̀ ni yóò sì ti ṣẹ́. Ìyẹ́ tí ó ti hù tán kò lè tún ara rẹ̀ ṣe. Àbùkù ọjọ́ ebi yóò wà níbẹ̀ títí adìẹ yóò fi tún re.

Bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún ẹyẹ igbó pẹ̀lú. Ní Laminga, lẹ́bàá Jos, níbi tí ilẹ̀ ga tó nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 4,000, a dá ilé ẹ̀kọ́ kan nípa ẹyẹ sílẹ̀ ní 2001, tí a ń pè ní A. P. Leventis Ornithological Research Institute. Wọn a máa fi àwọ̀n mú ẹyẹ nínú igbó Amurum, wọn a fi òrùka sí i lẹ́sẹ̀, wọn a yẹ ìyẹ́ apá rẹ̀ wò, wọn a sì tú u sílẹ̀. Níbi tí a bá ti gé igi, tí a sì sun koríko, kòkòrò àti èso a dínkù. Ìyẹ́ ẹyẹ lè pẹ́ kí ó tó hù, tàbí kí ó hù láìlágbára, bẹ́ẹ̀ ni òtútù òru orí òkè kì í dúró de ẹnikẹ́ni.

Ẹyẹ òkè kò ní olúwa tí yóò bọ́ ọ, adìẹ ní. Nítorí náà, nígbà tí adìẹ bá ń re:

1. Ẹ fi ikán, orí ẹja gbígbẹ tàbí sóyà sísè kún àgbàdo rẹ̀.
2. Ẹ fún un ní omi tí ó mọ́ lójoojúmọ́.
3. Ẹ má jẹ́ kí òjò pa á.
4. Ẹ da eérú síbi tí ó ti ń ra ilẹ̀, kí iná ara rẹ̀ lè dínkù.

Ẹni tí ó bá tọ́jú rẹ̀ báyìí yóò tún rí ẹyin kó.