Ilé La Ti Ń Kó Ẹ̀ṣọ́ Ròde

Ní ọjọ́ 2 oṣù Kọkànlá ọdún 2025, Six Flags America, ọgbà ìṣeré ńlá tó wà lójú Central Avenue, ti ilẹ̀kùn, kò sì ṣí i mọ́. Kò sí ará Glenn Dale ní Maryland tó ní ọmọ nílé tí kò mọ ọ̀nà ibẹ̀: ẹ gba Enterprise Road sọ̀kalẹ̀, ẹ yà sósì ní Central Avenue, kí ọmọ tó wà lẹ́yìn ọkọ̀ tó béèrè lẹ́ẹ̀kejì pé ṣé a ti dé, ẹ ti dé. Wíwo ẹranko ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ lórí ilẹ̀ náà ní 1974. Ní 1999 ló di Six Flags America. Ní báyìí tí wọ́n ti tì í, ọmọ tí à ń fi ibẹ̀ tù nínú kò gba ìtùnú mọ́. Disney ló kù lẹ́nu wọn. Bí kì í bá ṣe ti Orlando ní Florida, á jẹ́ ti Paris, nítorí ẹnì kan ní kíláàsì ti lọ, ó sì ti mú fọ́tò dé.

N kò ní kí ẹ má lọ o. Òbí tó ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ tó tún ń gbé ọmọ lọ síléèwé láàárọ̀, tó ń fi owó ránṣẹ́ sílé lóṣooṣù, ó yẹ kí òun náà bá ọmọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín fún ọ̀sẹ̀ kan lọ́dún. Àmọ́ ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ẹni tó bá dé ẹnu géètì kó tó máa ronú bí yóò ṣe ṣọ́wó ná, ọ̀rọ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nínú ọgbà Disney, òùngbẹ, òjò, ebi, ẹkún ọmọ, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ti dá iye lé. Orí tábìlì oúnjẹ yín ní Glenn Dale ni owó ti ń ṣẹ́kù, kì í ṣe ní Orlando.

Ara ògiri ni kí ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ẹ ní kí ọmọ bọ́ bàtà, kó fẹ̀yìn ti férémù ilẹ̀kùn, kó má nàgà. Ẹ gbé ìwé tó le lé e lórí, ẹ fi pẹ́ńsù fàlà sábẹ́ rẹ̀, kí ẹ wá wọn ìlà náà sílẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ: Disney ti sọ òwe yẹn di òfin. Ẹni tí kò bá ga tó ínṣì 44 kò ní gun ọkọ̀ ìṣeré Space Mountain ti Florida. TRON tó wà nítòsí rẹ̀, ínṣì 48 ni. Òṣìṣẹ́ tó di ọ̀pá ìwọ̀n mú kò fẹ́ mọ̀ bóyá Maryland lẹ ti wá tàbí ọjọ́ ìbí ọmọ ló bọ́ sí. Mo ti rí òbí tó ń bẹ̀bẹ̀ níbẹ̀, ẹ̀bẹ̀ náà kò sì ràn. Bí ìlà ẹnu ilẹ̀kùn yín bá dúró sí ínṣì 38, ẹ jẹ́ kó dọdún méjì sí i.

Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kó pẹ́ jù náà, torí ọjọ́ orí ń bá owó rìn. Ní Florida, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 3 kò san nǹkan kan. Láti ọdún 3 dé 9, owó ọmọdé ni. Bó bá ti pé 10, owó àgbà ló kù. Ní Paris, títí tó fi máa pé ọdún 12 ni wọ́n ń kà á sí ọmọdé. Bí ẹ bá bi mí léèrè, ìgbà tí àkọ́bí bá wà láàárín ọdún 7 sí 9 ló dára jù: ó ga tó, ó lè rìn, kò tíì di àgbà lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, yóò sì rántí. Ọmọ ọdún méjì tí ẹ gbé pọ̀n lọ kò ní rántí, àmọ́ kò ná yín ní nǹkan kan, kó máa bọ̀.

Ọjọ́ tí ẹ ó lọ tún ṣe pàtàkì ju ibi tí ẹ ń lọ lọ. Láti oṣù Kẹwàá 2018 ni Disney ti Florida ti ń fi ọjọ́ dá iye lé tíkẹ́ẹ̀tì. Ní 2025, tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ kan ní ọgbà Magic Kingdom dé dọ́là 199 ní ọ̀sẹ̀ Kérésìmesì. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín ọjọ́ tó wọ́n jù àti ọjọ́ tó rọ̀ jù lè ju dọ́là 50 lọ lórí ẹnì kan ṣoṣo. Ẹ fi ẹni mẹ́rin ṣe ìṣirò rẹ̀, kí ẹ wá fi iye ọjọ́ tí ẹ fẹ́ lò sọ ọ́ di púpọ̀. Spring break àti Kérésìmesì, ẹ fi sílẹ̀ fún ẹni tí kò ka owó. Àǹfààní kan wà tí ọ̀pọ̀ nínú wa ní Prince George's kò kíyè sí: àárín oṣù Kẹjọ làwọn ọmọ Orlando ti ń padà síléèwé, ṣùgbọ́n àwọn tiwa kì í wọlé títí di ìparí oṣù náà. Nínú ọ̀sẹ̀ bíi méjì yẹn, èrò ń fà sẹ́yìn, àwọn ọmọ tiyín sì wà nílé láìpa ilé ẹ̀kọ́ jẹ. Oòrùn mú níbẹ̀ nígbà náà, n kò ní purọ́. Ìgbà ìjì ńlá sì ni, nítorí náà ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì bàálù tàbí hòtẹ́ẹ̀lì tí kò ṣeé sún síwájú. Ẹni tó bá lọ nígbà tí èrò kò pọ̀, tó sì dé kí wọ́n tó ṣí géètì, kò nílò kó tún sanwó kó lè fo ìlà kọjá. Ọ̀fẹ́ ni irú nǹkan yẹn títí di 2020, FastPass ni wọ́n ń pè é. Lightning Lane lorúkọ rẹ̀ báyìí, ó sì ti di títà.

Ọ̀nà kan ò wọjà. Bàálù Southwest ń gbéra láti pápákọ̀ òfurufú BWI lọ sí Orlando, ṣùgbọ́n báàgì méjì tó ń gbé lọ́fẹ̀ẹ́ ti dópin fún ọ̀pọ̀ èrò láti ọjọ́ 28 oṣù Karùn-ún 2025, nítorí náà ẹ fi owó báàgì kún owó tíkẹ́ẹ̀tì kí ẹ tó sọ pé ó rọ̀. Ọkọ̀ ojú irin Auto Train ti Amtrak máa ń gbé èèyàn àti ọkọ̀ wọn láti Lorton ní Virginia lọ sí Sanford, nítòsí Orlando, mọ́jú ọjọ́ kejì. Ìdílé tó bá ní ọmọ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, ẹ jẹ́ kí n sọ tinú mi: ọkọ̀ ara yín lójú I-95, kí ẹ sùn lẹ́ẹ̀kan lọ́nà. Ó ju 800 máìlì lọ, ó sì ń rẹni, ṣùgbọ́n ẹni mẹ́fà ló ń jẹ owó epo kan, kúlà yín sì ń bá yín lọ.

Kúlà yẹn gan-an lọ̀rọ̀. Bí ebi bá kúrò nínú ìṣẹ́, ìṣẹ́ bùṣe. Disney ti Florida gbà kí ẹ gbé oúnjẹ yín wọlé, bí kò bá ti sí ọtí tàbí ìgò níbẹ̀, tí yìnyín inú kúlà kò sì jẹ́ dídà lásán. Bọ́rẹ́dì àti ẹyin, moínmoín, ẹran díndín, gbogbo rẹ̀ ń wọlé. Àwa tí a ń gbé jọ̀lọ́ọ̀fù lọ sí páàkì lọ́jọ́ ìbí, kí ló wá ń tì wá lójú ní Orlando? Ẹ béèrè omi tútù níbi tí wọ́n ti ń ta ohun mímu; ọ̀fẹ́ ni wọ́n ń bu ún sínú ife. Ẹ ra aṣọ òjò ní Dollar Tree kí ẹ tó kúrò nílé, torí òjò Florida kì í fi ọ̀sán ṣeré nígbà ẹ̀rùn tibí yìí. Bàtà nìkan ni n kò ní kí ẹ ṣahun lé lórí. Ọmọ tí ẹsẹ̀ ń dùn láago méjì ọ̀sán ti pa tíkẹ́ẹ̀tì ọjọ́ yẹn jẹ.

Ẹni tí Paris bá wù, ìwé ni kó kọ́kọ́ wò. Páásípọ́ọ̀tù Amẹ́ríkà tí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16 ń gbà kì í ju ọdún 5 lọ, dọ́là 135 ni, bàbá àti ìyá ló sì gbọ́dọ̀ yọjú, tàbí kí ẹni tí kò lè wá fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda níwájú notary. Àwọn ọmọ kò nílò físà. Òbí tó ní green card tó ṣì ń lo páásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà nílò rẹ̀: físà Schengen, yúrò 90, oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìn-àjò ni wọ́n ti ń gbà á wọlé. Ẹ má sanwó bàálù kó tó jáde. Tí ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ má gba hòtẹ́ẹ̀lì inú ọgbà. Ẹ wá ilé sí ìtòsí Val d'Europe, ibùdókọ̀ kan ṣoṣo ló kù kí ọkọ̀ ojú irin RER A dé ẹnu géètì, owó ọkọ̀ náà kò sì tó yúrò 3.

Ìwọ̀n eku nìwọ̀n ìtẹ́. Owó tí ẹ kò tíì ní, ẹ má fi káàdì ná an. Èlé káàdì kírẹ́díìtì ju ìdá 20 nínú ọgọ́rùn-ún lọ lọ́dún. Mickey á ti di ìtàn nílé yín kí ẹ tó san án tán. Àjọ tí ẹ ń dá pẹ̀lú àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tàbí ẹgbẹ́, ẹ sọ fún olórí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún pé oṣù Kẹrin lẹ fẹ́ kó o, kí ẹ fi ra tíkẹ́ẹ̀tì oṣù Kẹjọ. Bí àjọ ọdún yìí kò bá sì ká a, bí a ò rí àdàn, à máa fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Enterprise Road kan náà, tí ẹ bá la Central Avenue kọjá dípò kí ẹ yà, Watkins Park ni yóò gbé yín dé: ọkọ̀ ojú irin kékeré wà níbẹ̀, ẹṣin onígi tí wọ́n gbé wá láti Chesapeake Beach wà níbẹ̀, oko tí ọmọ ti lè rí ewúrẹ́ náà wà níbẹ̀. Kings Dominion ní Virginia àti Hersheypark ní Pennsylvania kò sì gba kéèyàn wọ bàálù.

Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti pinnu pé Paris ni, ẹ ṣí dúrọ́ọ̀ tí páásípọ́ọ̀tù àwọn ọmọ wà lálẹ́ òní, kí ẹ wo ọjọ́ tí yóò kú.