Kọ̀ǹpútà tí Linux ti Wà Nínú Rẹ̀: Ohun tí Ó Yẹ Kí Olùrà Wò Kí Ó Tó Sanwó

Ẹ̀yin ènìyàn wa tí ẹ péjọ sí ilé ìkàwé, ẹ̀kọ́ wa ti ọ̀sẹ̀ yìí jẹ mọ́ kọ̀ǹpútà. A mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí a ń ka ìwé yìí sí létí ni ó ní kọ̀ǹpútà nílé. Ṣùgbọ́n ìlú wo ni ó wà lóde òní tí ẹgbẹ́ àwọn òbí, tàbí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, tàbí àwọn ọmọ ìlú tí ó wà lẹ́yìn odi, kò tíì gbèrò láti dáwó jọ kí wọ́n fi ra kọ̀ǹpútà fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́? Owó tí a fi òógùn ojú wá ni owó bẹ́ẹ̀, kò sì yẹ kí ó ṣòfò.

Ìdí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá nísinsìnyí ni èyí. Púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tí à ń rà ní Ìkẹjà àti ní àwọn ìlú ńlá mìíràn ni ó ń lo Windows 10. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, ilé-iṣẹ́ Microsoft tí ó ni Windows dáwọ́ àtúnṣe tí ó ń ṣe fún un dúró, àfi fún àwọn tí ó bá forúkọ sílẹ̀ fún àfikún àkókò díẹ̀. Kọ̀ǹpútà náà kò kú o. Yóò máa tàn, yóò sì máa ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí lára rẹ̀ láti ìgbà náà lọ, kò sí ẹni tí yóò bá wa dí i mọ́. Windows 11 tí ó rọ́pò rẹ̀ kò sì gbà láti wọ inú ọ̀pọ̀lọpọ̀ kọ̀ǹpútà tí a ṣe ṣáájú nǹkan bí ọdún 2018. Nítorí náà ni àwọn ènìyàn ṣe ń bèèrè Linux ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, tí àwọn olùtajà náà sì ti ń sọ pé, “Èyí ní Linux nínú.”

Kí ni Linux? Kọ̀ǹpútà tí kò ní ètò tí yóò máa darí rẹ̀ dà bí ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀. Windows jẹ́ ọ̀kan nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, títà ni wọ́n sì ń tà á. Linux jẹ́ òmíràn. Ọ̀fẹ́ ni, ẹni tí ó bá ní in sì lè ṣe àdàkọ rẹ̀ fún aládùúgbò rẹ̀ láìrú òfin kankan. Linus Torvalds, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan tí ó jẹ́ ẹni ọdún 21 ní ìlú Helsinki ní ilẹ̀ Finland, ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 1991. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn káàkiri ayé dá ọwọ́ sí i, wọ́n sì so ó pọ̀ mọ́ iṣẹ́ tí Richard Stallman ará Amẹ́ríkà àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ń ṣe bọ̀ láti ọdún 1983. Ẹni tí ó bá ní fóònù Android lọ́wọ́ ti ń lo Linux láìmọ̀, nítorí òun ni ó wà ní ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ohun tí Torvalds ṣe kì í ṣe oúnjẹ tí ó ti jinná, ẹ̀wà ni. Ẹ̀wà kan náà ni ìyá kan fi ń din àkàrà, tí ìyá kejì fi ń se mọ́ínmọ́ín, tí ẹ̀kẹta sì fi ń se gbẹ̀gìrì. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni oríṣiríṣi ẹgbẹ́ àti ilé-iṣẹ́ ṣe mú Linux, tí wọ́n fi ètò ìkọ̀wé, ètò ìṣirò, ètò orin àti àwòrán kún un, tí wọ́n sì fún un ní orúkọ tiwọn: Debian, Ubuntu, Linux Mint, Fedora, àti ọ̀pọ̀ mìíràn. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni a ó máa pè ní ẹ̀yà Linux nínú ẹ̀kọ́ yìí.

Kí a tó sọ èyí tí a ó yàn, ẹ jẹ́ kí a rántí ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ ní Nàìjíríà wa yìí ní ọdún 2007. Wọ́n ṣètò láti kó kọ̀ǹpútà kékeré 17,000 wá fún àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, irú èyí tí Intel pè ní Classmate. Ẹ̀yà Linux tí ilé-iṣẹ́ Mandriva ti ilẹ̀ Faransé ṣe ni ó yẹ kí ó wà nínú wọn. Nígbà tí oṣù kẹwàá ọdún náà ń parí lọ, François Bancilhon, ọ̀gá Mandriva, kọ lẹ́tà gbangba sí Steve Ballmer tí ó jẹ́ ọ̀gá Microsoft nígbà náà. Ẹ̀hónú rẹ̀ ni pé wọ́n ti sọ fún àwọn pé a ó san owó Linux náà bí àdéhùn ti wí, ṣùgbọ́n pé Windows ni a ó fi rọ́pò rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà di ohun tí a ń sọ káàkiri ayé. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, Universal Service Provision Fund, àjọ ìjọba tí ó ń sanwó 11,000 nínú àwọn kọ̀ǹpútà náà, jẹ́ kí a mọ̀ pé Linux tí ó wà nínú wọn ni òun fẹ́ kí ó wà níbẹ̀.

A kò mú ìtàn yìí wá láti dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ rí dì mú nínú rẹ̀ ni pé ẹni tí ó ń sanwó gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ó wà nínú ẹrù tí ó ń rà, kí ó sì lè dárúkọ rẹ̀. Ìtàn náà sì ní ìrù: ilé-iṣẹ́ Mandriva fúnra rẹ̀ kógbá sílé ní ọdún 2015. Àwọn kan tí wọ́n ti bá a ṣiṣẹ́ ti kó ohun tí wọ́n mọ̀ jáde láti ọdún 2010, wọ́n sì fi dá ẹ̀yà mìíràn tí a ń pè ní Mageia sílẹ̀. Ẹ̀yà Linux lè kú, bí ilé-iṣẹ́ ti ń kú. Nítorí náà, nígbà tí a bá ń yan ọ̀kan, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe èwo ni ó rẹwà jù, bí kò ṣe ta ni yóò máa tọ́jú rẹ̀, títí di ọdún wo.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ti kọ̀ǹpútà gan-an. Èrè tí ó wà nínú rírà á pẹ̀lú Linux nínú rẹ̀ kì í ṣe pé owó rẹ̀ yóò dín kù; nígbà mìíràn kì í dín kù rárá. Èrè rẹ̀ ni pé ẹnìkan ti ṣe wàhálà náà ṣáájú wa, ó ti rí i dájú pé ohùn ń jáde, pé Wi-Fi ń ṣiṣẹ́, pé kọ̀ǹpútà náà ń sùn, ó sì ń jí. Ní Amẹ́ríkà, ilé-iṣẹ́ System76 ti ń ta irú èyí láti ọdún 2005. Dell bẹ̀rẹ̀ sí í ta tirẹ̀ pẹ̀lú Ubuntu ní oṣù karùn-ún ọdún 2007, lẹ́yìn tí àwọn oníbàárà rẹ̀ ti bẹ̀bẹ̀ títí. Lenovo sì fi Fedora sínú díẹ̀ nínú àwọn ThinkPad rẹ̀ ní ọdún 2020. Ní ọjà tiwa, ẹ ó máa rí kọ̀ǹpútà tuntun tí a kọ Ubuntu tàbí FreeDOS sí lára. Ẹ ṣọ́ra níbí yìí: FreeDOS kì í ṣe Linux. Ojú dúdú tí lẹ́tà funfun wà lára rẹ̀ ni ẹ ó bá níbẹ̀, ẹ ó sì tún wá ẹni tí yóò fi ètò mìíràn sínú rẹ̀.

Ìyàtọ̀ tún wà láàárín kọ̀ǹpútà tí ilé-iṣẹ́ tí ó ṣe é fi Linux sí àti èyí tí olùtajà dá fi sí i lẹ́yìn ṣọ́ọ̀bù. Akọ̀wé yìí lè jẹ́rìí sí i. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, mo ra tòkunbọ̀ kan lọ́wọ́ ẹnìkan tí ó búra pé Linux inú rẹ̀ pé pérépéré. Ó dára lójú, ó sì yára. Ìgbà tí mo délé ni mo tó rí i pé kò mọ Wi-Fi rárá. Ètò kékeré kan ni ó kù tí ì bá jẹ́ kí ó mọ̀ ọ́n. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ètò náà sì wà, níbi tí kọ̀ǹpútà náà kò lè dé. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ń wò ó bí ẹni ń wo ẹran tí kò dìde, títí ọmọ àbúrò mi kan fi dé tí ó fi wáyà so fóònù rẹ̀ mọ́ ọn, tí dátà fóònù sì gba ojú wáyà wọlé. Bí mo bá ti dán an wò ní ṣọ́ọ̀bù ni, ìṣẹ́jú méjì ni ì bá gbà mí.

Nítorí náà, kí ẹ má ṣe sanwó kí ẹ tó rí i tí ó tàn lójú yín. Ẹ fi fóònù yín ṣe Wi-Fi fún un, kí ẹ wò ó bóyá yóò mú un. Ẹ ní kí ó kọ orin kan. Ẹ pa ìdérí rẹ̀ dé fún ìṣẹ́jú márùn-ún, kí ẹ tún ṣí i. Àwọn mìíràn ń bẹ tí wọn kì í jí mọ́ àfi kí a pa wọ́n pátá. Ẹ yọ wáyà iná, kí ẹ wo bí bátìrì ṣe ń lọ sí. Bí ilé-ẹ̀kọ́ bá ti ní ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹ kọ orúkọ àti nọ́ńbà rẹ̀ dání, kí ẹ lè bèèrè bóyá Linux mọ̀ ọ́n. Ojú ni alákàn fi ń ṣọ́ orí. Canonical tí ó ń ṣe Ubuntu a tún máa tẹ orúkọ àwọn kọ̀ǹpútà tí ó ti dán wò jáde lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ọmọ tí ó mọ fóònù lò lè bá yín wò ó kí ẹ tó kúrò nílé.

Bí ó bá jẹ́ tòkunbọ̀ tí kò ní Linux ni ẹ fẹ́ rà, ọ̀nà kan wà tí ó dára púpọ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n fi Linux Mint sí orí fíláàṣì kan fún yín. Ohun tí yóò gbà láti orí íntánẹ́ẹ̀tì tó nǹkan bí 3 GB. Ẹ mú fíláàṣì náà lọ sí ọjà. A lè ti orí fíláàṣì tan kọ̀ǹpútà náà, kí a lo Linux nínú rẹ̀, kí a dán ohun gbogbo tí a ti kà sílẹ̀ wò, láìfọwọ́ kan ohunkóhun tí ó wà nínú rẹ̀. Olùtajà tí ó bá kọ̀ fún yín láti ṣe bẹ́ẹ̀ ti sọ̀rọ̀.

Ó kù kí a yan ẹ̀yà. Fún ilé-ẹ̀kọ́ tàbí ilé ìkàwé tí àwọn ènìyàn rẹ̀ ti mọ Windows, Linux Mint ni a ó kọ́kọ́ dárúkọ. Clement Lefebvre ni ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní ọdún 2006, Ubuntu ni ó sì fi ṣe ìpìlẹ̀. Ohun gbogbo wà níbi tí ojú ti mọ̀ ọ́n sí, láti bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ ní apá òsì dé aago ní apá ọ̀tún. Kọ̀ǹpútà tí mẹ́mọ́rì rẹ̀ jẹ́ 2 GB lè gbé e, ṣùgbọ́n 4 GB ni ó fi ń rọrùn. Bí kọ̀ǹpútà bá sì ti dàgbà, irú rẹ̀ tí a ń pè ní Xfce ni ó fúyẹ́ jù. Linux Mint 22, tí ó jáde ní ọdún 2024, yóò máa rí ìtọ́jú gbà títí di ọdún 2029.

Ubuntu fúnra rẹ̀ jáde ní ọdún 2004 láti ọwọ́ Mark Shuttleworth, ọmọ South Africa, ẹni tí ó fún un ní orúkọ tí ó túmọ̀ sí ìwà ènìyàn sí ọmọnìkejì ní àwọn èdè ìhà ibẹ̀. Títí di ọdún 2011, Canonical máa ń fi àwo rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹni tí ó bá bèèrè, lọ́fẹ̀ẹ́. Ohun kan ni kí ẹ fi sọ́kàn nípa Ubuntu: ẹ wá lẹ́tà LTS lẹ́yìn nọ́ńbà rẹ̀. Ọdún méjì-méjì ni èyí tí ó ní LTS ń jáde, ọdún márùn-ún ni wọ́n sì fi ń tọ́jú rẹ̀. Èyí tí kò ní in, oṣù mẹ́sàn-án péré ni. Debian, tí Ian Murdock dá sílẹ̀ ní ọdún 1993, kò sí lábẹ́ ilé-iṣẹ́ kankan, àwọn olùyọ̀ǹda ara ẹni ni ó ń ṣe é. Lórí rẹ̀ ni Ubuntu dúró lé. Ó le díẹ̀ fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n tí ó bá ti jókòó, ó ti jókòó nìyẹn. Ní ti Fedora, ó dára fún àwọn tí ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n oṣù mẹ́fà-mẹ́fà ni tuntun rẹ̀ ń jáde, ìtọ́jú ọ̀kọ̀ọ̀kan kò sì ju nǹkan bí oṣù 13 lọ. Níbi tí dátà ti wọ́n bí tiwa, ìnáwó ni èyí.

Bí ọ̀dọ́ kan bá wà ní ìlú yín tí ó ti mọ ẹ̀yà kan dáadáa, tí ẹ̀yà náà sì ní ọdún ìtọ́jú níwájú, ẹ mú tirẹ̀, kódà bí a kò bá dárúkọ rẹ̀ níhìn-ín. Olùkọ́ tí ó wà nítòsí sàn ju ẹ̀yà tí ó lókìkí lọ.

Òótọ́ kan kù tí àwọn tí ó fẹ́ràn Linux kì í fẹ́ sọ. Oníṣẹ́ ìtẹ̀wé tí ó ń fi CorelDRAW jẹun, tàbí akọ̀wé owó tí ó ń lo Peachtree, kò gbọ́dọ̀ yára da Windows nù, nítorí a kì í ṣe àwọn ètò wọ̀nyí fún Linux lóde òní. Lẹ́tà àti ìṣirò tí a fi Microsoft Office ṣe ni LibreOffice lè ṣí, ṣùgbọ́n ìlà àti àtẹ a máa yẹ̀ díẹ̀ nígbà mìíràn. Fún ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń kọ àròkọ, tí ó ń ka ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sí ìṣòro níbẹ̀.

Nígbà tí ẹ bá ń gba ìwé ẹ̀rí owó, ẹ ní kí olùtajà kọ orúkọ ẹ̀yà náà àti nọ́ńbà rẹ̀ sí i, kì í ṣe “Linux” lásán. Kí ẹ sì gba ọ̀rọ̀ àṣírí tí a fi ń ṣí i lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, nítorí láìsí i ẹ kò lè fi ohunkóhun kún un. Bí ẹ bá délé, ẹ wọ ibi ètò kíbọ́ọ̀dù, ẹ wá Nàìjíríà. Ẹ ó bá Yorùbá níbẹ̀ pẹ̀lú Igbo àti Hausa, kí àwọn ọmọ lè máa kọ ẹ, ọ àti ṣ pẹ̀lú àmì orí wọn láti ọjọ́ kìíní.