Àjàní, Ilé-Iṣẹ́ Kan Ṣoṣo Kọ́!

Jókòó síbí, Àjàní. Gbé fóònù yẹn sílẹ̀ ná. Ìyàwó rẹ ti ròyìn fún mi kó o tó dé, má sì bínú sí i, èmi ni mo fọ̀rọ̀ wá a lẹ́nu wò. Ó ní o fẹ́ kó gbogbo owó tó o ní lọ́dọ̀ àwọn alájẹṣẹ́kù, o fẹ́ fi ra ṣíà ilé-iṣẹ́ tó o ti ń ṣiṣẹ́. Gbogbo ẹ̀, kò ku kọ́bọ̀! Ìwọ ọmọ yìí, ṣé wọ́n sà sí ọ ni?

O ní o rí fídíò kan. Wọ́n ní ẹni tó ra ṣíà Amazon ní 1997, tí kò tà á, ti di olówó rẹpẹtẹ. Òótọ́ ni, mi ò bá ọ jiyàn. Oṣù Karùn-ún ọdún yẹn ni wọ́n kọ́kọ́ tà á fún gbogbo ayé, dọ́là 18 ni ẹyọ kan. Láti ìgbà náà, wọ́n ti pín in sí wẹ́wẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin: méjì-méjì ní 1998, mẹ́ta-mẹ́ta àti méjì-méjì ní 1999, ó wá di ogún-ogún ní 2022. Ṣírò ẹ̀. Ẹyọ kan ìgbà yẹn ti di 240. Bí wọ́n bá ní dọ́là 200 ni ẹyọ kan lónìí, dọ́là 18 ti bí 48,000 nìyẹn. Ṣé o rò pé mi ò mọ ìṣirò ni? Ọjà Gbági tí mo ti ta aṣọ ńkọ́?

Ṣùgbọ́n fídíò rẹ fo ibì kan. Ní oṣù Kejìlá 1999, ẹyọ Amazon kan ti lé ní dọ́là 100. Nígbà tí oṣù Kẹsàn-án 2001 fi máa parí, bíi dọ́là 6 ni wọ́n ń tà á. Ọdún 2009 ló tó padà kọjá ibi tó dé ní 1999. Àjàní, wojú mi. Bí owó ilé-ìwé Kíkẹ́ ọmọ rẹ bá wà nínú ẹ̀, ṣé wàá jókòó máa wò ó títí tí á fi gòkè padà? Ìwọ tí mo tọ́, tí kì í lè dúró kí ẹ̀wà jinná kó tó ṣí ìkòkò! Ọdún kìn-ín-ní tó bá wó, wàá ti sáré tà á, wàá tún máa bú ẹni tó gbà ọ́ nímọ̀ràn.

Ẹni tó ra èyí tó yè nìkan ni wọ́n sì ń fi hàn ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n kan wà ní Amẹ́ríkà, Hendrik Bessembinder, tó fara balẹ̀ yẹ ṣíà bíi 26,000 wò, gbogbo èyí tí wọ́n ti tà níbẹ̀ láti 1926. Ó rí i pé iye tó ju ìdajì lọ ni kò mú èrè wá tó ti tírẹ́ṣọ̀rí bílì, owó tí à ń yá ìjọba fún ìgbà díẹ̀, tírẹ́ṣọ̀rí bílì lásán tí ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí ń tìtorí ẹ̀ fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ìdá mẹ́rin péré nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ilé-iṣẹ́ náà ló pa gbogbo èrè tí ọjà náà fi ju tírẹ́ṣọ̀rí bílì lọ. O wá dá ara rẹ lójú pé inú mẹ́rin yẹn ni tìrẹ wà?

Má sọ fún mi pé Amẹ́ríkà jìnnà. Ìwọ ṣì wà nílé-ìwé nígbà tí tiwa ṣẹlẹ̀. Ní 2004, Soludo tó jẹ́ gómìnà Báńkì Àpapọ̀ ní kí báńkì kọ̀ọ̀kan lọ wá bílíọ̀nù 25 náírà fi ṣe owó ìdókòwò. Báńkì 89 ló wà nígbà náà. Nígbà tí 2005 fi parí, 25 ló kù. Ibo ni wọ́n ti fẹ́ rówó bí kò ṣe lọ́wọ́ wa? Ṣíà di ọ̀rọ̀ ẹnu gbogbo ọjà. Mo rí ìyá oníṣu tó ń tú owó nídìí ìró níwájú kàúńtà, tó tẹ̀ka sórí fọ́ọ̀mù torí kò mọ̀wé kọ. Mo rí ẹni tó yáwó lọ rà á. Ẹni tí kò bá rà, òmùgọ̀ ni wọ́n ń pè é.

Ọjọ́ 5 oṣù Kẹta 2008 ni ọjà dé góńgó. Nọ́ńbà tí wọ́n fi ń wọn gbogbo ọjà ṣíà Nàìjíríà wà ní 66,371. Nígbà tí oṣù Kẹta 2009 fi parí, ó ti já wá sí ìsàlẹ̀ 20,000. Ní oṣù Kẹjọ ọdún yẹn, Sanusi, tó ti di gómìnà Báńkì Àpapọ̀ nígbà náà, lé ọ̀gá báńkì márùn-ún lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ní 2011, ìjọba gba Afribank, Bank PHB àti Spring Bank. Ẹni tó fowó pamọ́ síbẹ̀, owó rẹ̀ kò nù. Ẹni tó ní ṣíà níbẹ̀, ó di òfo.

Àwọn kan ní ọjà ti padà bọ̀ sípò. Bẹ́ẹ̀ ni, ní 2023 ló tó kọjá 66,371 yẹn. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún! Níbẹ̀rẹ̀ 2008, dọ́là kan kò tó 120 náírà. Ní 2023, ó ti kọjá 700. Kí lowó náà fẹ́ rà? Dífídẹ́ǹdì, èrè tí ilé-iṣẹ́ ń pín fún oníṣíà, tí wọ́n ń rí gbà láàárín ìgbà náà ló tu àwọn kan nínú. Bí òní ti rí, ọ̀la ò rí bẹ́ẹ̀, ló ń mú babaláwo dÍfá ọ̀rọọrún.

Èyí tó wá bí mi nínú jù nínú ọ̀rọ̀ rẹ ni pé ibi tó o ti ń gba owó oṣù náà lo tún fẹ́ kó ìfipamọ́ rẹ lọ. O ò gbọ́ ti ilé-iṣẹ́ Enron, ní Houston ní Amẹ́ríkà? Nínú oṣù Kẹjọ 2000, bíi dọ́là 90 ni ṣíà wọn. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló kó owó ìfẹ̀yìntì lé e, torí ilé-iṣẹ́ tiwọn ni, wọ́n fọkàn tán an. Ọjọ́ 2 oṣù Kejìlá 2001 ni Enron wọko gbèsè. Iṣẹ́ lọ, owó ogbó náà bá a lọ. Ọ̀gá yín máa ń rẹ́rìn-ín sí ọ, mo mọ̀. Ti Enron náà rẹ́rìn-ín.

Mi ò ní kó o má ra ṣíà o. Èmi náà ní, ti ilé-iṣẹ́ oríṣiríṣi, mo sì ti kún fọ́ọ̀mù kí dífídẹ́ǹdì máa wọlé tààrà sí àkáǹtì mi. Ra ti ilé-iṣẹ́ yín, àmọ́ kó má ju ìdá kan nínú mẹ́wàá lọ. Pín èyí tó kù sí ibi púpọ̀, kó o sì jẹ́ kí ìyàwó rẹ mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Ní ti owó ilé-ìwé Kíkẹ́, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, baba rẹ̀ náà ò yọ sílẹ̀.